Ọdún Mẹ́fà Tí Ọkọ Mi Yá Àbúrò Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: èmi Rachael, ẹnu mi mú, inú sì máa ń tètè bí mi. Àwọn káfíńtà Anloga Junction ní Kumasi mọ̀ mí bí ẹni mowó. Ìṣó ni mò ń tà níbẹ̀, pẹ̀lú sáńpépà, gọ́ọ̀mù àti fáníìṣì, ó sì ti lé lógún ọdún. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ ìṣó mi tí kò ní in lọ́kàn láti rà, èmi àti onítọ̀hún á jọ wọ ṣòkòtò kan náà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé mò ń kálòlò díẹ̀ nínú ìtàn yìí, ẹ má rò pé ojú ló ń tì mí. Ọ̀rọ̀ náà ló dàrú mọ́ mi lójú, kò sì tíì tò títí dòní.

Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni, Oyèdélé. Ajórin ni ní Suame Magazine, ọgbà ńlá àwọn mẹkáníìkì. Bí géètì yín bá já, bí ìdí tírọ́ọ̀kù yín bá là, ẹ ṣáà béèrè Oyè Wẹ́dà, ọmọdé á mú yín débẹ̀. Ọkùnrin gíga tí kò sanra ni, iná ti fín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tán. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ni mò ń bá a sọ tirẹ̀ mọ́ tèmi, òun á kàn máa rẹ́rìn-ín. Tó bá di ọjọ́ Sunday, á fọ gíríìsì èékánná rẹ̀ títí á fi pupa, á wọ súùtù aláwọ̀ eérú, torí òun ni akọ̀wé ìjọ Yorùbá wa. Asawase, àdúgbò kan ní Kumasi, ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn Mùsùlùmí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Bí àwa tó kù tí wọ́n bí sí Kumasi, ó lè gbàdúrà ní Yorùbá, ó lè bú ènìyàn ní Hausa, ṣùgbọ́n tó bá di ká ka iye nǹkan, oókan, eéjì, ẹẹ́ta, Twi, èdè àwọn Ashanti, ló máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Ilé ìwé ló fi bẹ́ẹ̀ kọ́ wa, ọjà sì parí ẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1969, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò níwèé kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ bi àwọn àgbà wa wò. Ẹni tó kọ́lé fi ilé sílẹ̀, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù fi kọ́kọ́rọ́ sára ilẹ̀kùn. Oyèdélé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà yẹn, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀gá rẹ̀, Kwasi, ọmọ Ashanti, sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó fi ọmọ náà sílẹ̀, òun á ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni. Bàbá gbà. Ṣùgbọ́n Adéfọlá, àbúrò kan ṣoṣo tí Oyèdélé ní, kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, wọn ò lè fi í sílẹ̀. Nígbà tí lọ́rì fẹ́ gbéra, ọmọ náà na ọwọ́ láti òkè, ó di ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, kò fẹ́ jù ú sílẹ̀. Oyèdélé ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ èyí fún mi, lọ́dún tá a ṣègbéyàwó. Kò tún un sọ mọ́.

Láti ìgbà náà ni àwa Yorùbá Kumasi ti ní àṣà kan. Bí ènìyàn wa bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a kì í jẹ́ kó dá dúró níwájú ìjọba bí ẹni tó dé lánàá. Àgbà kan á bá a lọ sí kóòtù, á búra pé ó ti tó ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, tí onítọ̀hún ti ń gbé lọ́dọ̀ òun. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síwèé, wọ́n á lu òǹtẹ̀ lé e. Yíyá ènìyàn lọ́dún là ń pè é. Kò sẹ́ni tó kà á sí irọ́. A kà á sí ká fi aṣọ bo ará ilé ẹni. Nínú ìjọ wa, Oyèdélé ni wọ́n máa ń bẹ̀ sí i, torí ó mọ̀wé, ojú rẹ̀ sì jọ ojú ẹni tí kì í purọ́. Ìdílé mẹ́rìnlá ló ti yá lọ́dún kí tiwa tó dé.

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹfà ọdún 1991, mo rí ọkùnrin kan lẹ́nu géètì wa tó gbé àpò ìrẹsì tó ti gbó kọ́ èjìká. Mo rò pé ó fẹ́ tọrọ nǹkan ni, mo sì ti ń la ẹnu láti lé e. Oyèdélé jáde sí mi lẹ́yìn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ya síra bíi ti ọkọ mi gẹ́lẹ́. Ọkọ mi tí kì í sunkún jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, ó ń ké bí ọmọdé. Bí Adéfọlá ṣe dé nìyẹn. Kò sí iyèméjì kankan níbẹ̀, ìyá kan náà, bàbá kan náà, wọ́n jọra bí ẹ̀là obì.

Ó sọ fún wa pé àwọn òbí wọn ti kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìkan lẹ́yìn èkejì. Ó ní nígbà tóun pé ọmọ ogún ọdún lòun bá àwọn tó ń wáṣẹ́ lọ sí Liberia, pé iṣẹ́ gẹdú lòun ń ṣe níbẹ̀ tí ogun fi dé. A mọ̀ nípa ogun náà, rédíò ò sinmi ẹ̀. Mo bi í pé kí ni ojú rẹ̀ rí níbẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kóun jẹun ná. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bu fùfú àti ọbẹ̀ ẹ̀pà fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Kí oṣù yẹn tó parí, Oyèdélé ti mú un lọ sí kóòtù. Ó búra pé láti ọdún 1985 ni Adéfọlá ti ń gbé lọ́dọ̀ òun ní Kumasi. Ọdún mẹ́fà gbáko! Mo bi í pé kí ló dé tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣebí ọdún méjì, mẹ́ta ló ń yá àwọn tó kù. Ó ní àbúrò òun ni.

Ọdún bíi márùn-ún ni Adéfọlá fi gbé pẹ̀lú wa, mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: ará ilé tó wuni ni. Ọkọ Mi Kékeré ni mo máa ń pè é, òun náà á pè mí ní Ìyàwó Wa. Ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jórin. Ó ń gún fùfú fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, èyí tí ọkọ mi kò ṣe rí láyé ẹ̀. Ọmọ mi Olúbùnmi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tó dé, ò gbà kí ẹlòmíì mú òun lọ sílé ìwé mọ́. Bí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́, òun ló máa lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń sùn dáadáa, ó ń hanrun débi pé àwọn ará ilé kejì ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Nǹkan méjì péré ni mo ṣàkíyèsí. Kì í kọ ẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá sì pè é ní ọ̀gá, kódà bó ṣe àwàdà, ojú rẹ̀ á yí padà, á dìde níbẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Oyèdélé. Ó ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1996, obìnrin kan wá ra ìṣó lọ́dọ̀ mi. Àìṣátù lorúkọ rẹ̀. Ará Liberia ni, ẹ̀yà Mandingo, Asawase ló ń gbé, kóókó, ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ń mu láàárọ̀, ló ń tà níbẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n kan bẹ́ǹṣì fún àwọn oníbàárà rẹ̀, káfíńtà ní kó wá ra ìṣó wá. Hausa la jọ ń sọ. Adéfọlá wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá mi ka sáńpépà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì ń kà á sókè ní Twi bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe: baako, mmienu, mmiɛnsa. Mo rí i tí obìnrin yẹn gbé ìṣó tó mú sílẹ̀. Ó na ọrùn wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó rí Adéfọlá, Adéfọlá náà rí i. Ìtọ̀ ń ṣàn sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ obìnrin náà, kò sì mọ̀. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó sáré já títì, díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ gbá a.

Mo bi Adéfọlá pé ṣé ó mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ó padà sídìí sáńpépà, ó ní òun ti gbàgbé ibi tóun kà á dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni ọlọ́pàá wá mú un ní Magazine. Wọ́n ní obìnrin oníkóókó yẹn ti fi sùn pé ó pa ènìyàn ní Liberia, kì í sì ṣe ènìyàn kan. Orí mi gbóná. Mo dè gèlè mi le, ó di Asawase. Ìjà ni mo bá lọ, kí n má parọ́. Mo bá Àìṣátù nídìí ìkòkò rẹ̀. Ó rí bí mo ṣe ń bọ̀, kò dìde, ó kàn ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi pé kí n jókòó. Ó wá sọ fún mi.

Ó ní ní oṣù keje ọdún 1990, àwọn ọlọ̀tẹ̀ kan tó gbé ìbọn wọ ìlú kékeré tí àwọn ń gbé. Àwọn Mandingo ni wọ́n ń wá. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn pé àwọn fẹ́ kí ẹ̀yà náà tán nílẹ̀ yẹn, àtàgbà àtọmọdé. Ọ̀gá wọn, Kòmándà Ghana ni wọ́n ń pè é, torí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Wọ́n kó àwọn Mandingo jọ sí iwájú mọ́ṣáláṣí. Àìṣátù wà lẹ́yìn ògiri níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, kò sẹ́ni tó rí i, ṣùgbọ́n òun rí wọn láti ibi tí ògiri ti là. Ó ní ọ̀gá náà ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní èdè kan tóun ò gbọ́ rí, kò pariwo, kò kánjú, bí ìgbà tí ènìyàn ń ka iṣu tó fẹ́ rà. Nígbà tó kà tán ni ìbọn bẹ̀rẹ̀. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì. Ó ní òun rò pé èdè ikú ni èdè yẹn, pé kò sẹ́ni tó ń fi í ṣe nǹkan mìíràn láyé. Nígbà tóun sá dé Kumasi lọ́dún 1993, òun rí àwọn ọmọdébìnrin tó ń ṣeré àmpé lójú pópó, wọ́n ń fò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi èdè náà ka eré wọn. Òun dákú síbẹ̀.

Mo ní gbogbo ọmọ Kumasi ló ń ka nǹkan bẹ́ẹ̀, ọkọ mi pàápàá. Mo ní ṣé torí pé ènìyàn ka sáńpépà ni wọ́n á fi so ó kọ́? Ó ní òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹgbẹ̀rún ènìyàn láti ọdún mẹ́ta, òun ò sì na ìka sí ẹnì kankan. Ojú rẹ̀ lòun fi dá a mọ̀. Ó fi ìpọn ro ìkòkò, ó bu ife kan fún mi, mo sì mu ún. Kí ni ǹ bá tún ṣe? Ìjà tí mo gbé lọ, n kò mọ ibi tí mo gbé e sọ̀ sí.

Kì í ṣe Kumasi ni wọ́n ti máa dá Adéfọlá lẹ́bi. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kan lókè òkun ti ń wá Kòmándà Ghana láti pè é lẹ́jọ́ ìpẹ̀yàrun. Ohun tí adájọ́ tiwa fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé Adéfọlá ni ẹni tí wọ́n ń wá, kó tó lè fà á lé wọn lọ́wọ́. Lọ́yà Adéfọlá bá fa ìwé kan yọ. Ẹ ti mọ ìwé tí mò ń wí. Bí ìwé yẹn bá dúró, Kumasi ni Adéfọlá wà lọ́dún 1990, kò lè jẹ́ òun, ilé ló ń bọ̀. Bí ìwé yẹn bá wó, wọ́n á gbé e lọ, ọkọ mi náà á sì lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé ó búra èké. Adájọ́ sì ti ní kí Oyèdélé wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Mo bá a sọ̀rọ̀ nílé. Mo bi í pé níbo ni Adéfọlá wà lọ́dún 1990. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ mi ni. Ìwé sọ bẹ́ẹ̀." Mo ní Bàbá Bùnmi, ṣé orí yín pé ṣá, ṣebí èmi yìí ni mo fẹ́ lé e lẹ́nu géètì lọ́dún 1991! Ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀. Mo bi í pé ṣé ó ti bi àbúrò rẹ̀ bóyá lóòótọ́ ló ṣe é.

"Rachael," ló wí, "tí mo bá bi í, tó sì dá mi lóhùn ńkọ́?"

Láàárọ̀ màá ní kò lè jẹ́ òun láéláé, ẹni tó ń di okùn bàtà Bùnmi. Tó bá di ọ̀sán, tí mo bá gbọ́ tí káfíńtà kan ń ka pákó, màá fi oníbàárà sílẹ̀, màá lọ wo ojú onítọ̀hún. Mo gba Àìṣátù gbọ́. Mo gba Ọkọ Mi Kékeré náà gbọ́. Mo ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní àtìmọ́lé, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń jẹun, mo wá ń bínú sí ọwọ́ náà, mo tún ń bínú sí ara mi pé mò ń wò ó. Ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tó bá jẹun tán.

Nígbà tí ẹjọ́ ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn àgbà ìjọ wá sílé wa lẹ́yìn ìsìn. Bàbá Ọlálékan, díákónì àgbà, ló ṣáájú wọn, Màmá Bertha tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin tẹ̀lé e. Wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Wọ́n ní ìdílé mẹ́rìnlá ló wà lẹ́yìn ìwé kan yẹn, bí ìjọba bá já ti Adéfọlá, wọ́n á yẹ ìyókù wò, gbogbo wa á tún bá ara wa lórí lọ́rì. Ọkọ Màmá Bertha wà lára àwọn mẹ́rìnlá. Mo bi wọ́n pé àwọn mọ́kànlélógójì tí wọ́n pa ńkọ́, ta ni yóò dúró fún wọn. Bàbá Ọlálékan ní òun ń gbàdúrà fún wọn. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí obìnrin sọ sí díákónì, ọkọ mi sì bẹ̀ wọ́n nítorí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, ẹ̀rù tí wọ́n gbé wá kò bá wọn lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Àwọn ará ìjọ kún ìjókòó ẹ̀yìn, àwọn àgbà Mùsùlùmí Asawase kún ti iwájú, Àìṣátù sì jókòó síwájú mi gẹ́lẹ́. Ògbufọ̀ kóòtù, Kojo, ń túmọ̀ Twi àti Hausa. Wọn kò wá ògbufọ̀ Yorùbá, torí tẹ̀gbọ́n tàbúrò gbọ́ Twi dáadáa. Oyèdélé wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí nínú súùtù eérú rẹ̀.

Agbẹjọ́rò ìjọba bi í pé ọdún wo ni wọ́n bí Olúbùnmi. Ó ní 1988. Wọ́n ní ṣé àbúrò rẹ̀ wà níbi ìsọmọlórúkọ. Ó ní ó wà níbẹ̀. Agbẹjọ́rò fa fọ́tò ìsọmọlórúkọ náà yọ, gbogbo ìjọ ló wà níbẹ̀, Adéfọlá ò sí. Wọ́n ní níbo ló wà. Oyèdélé ní àbúrò òun ló ya fọ́tò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òógùn ti ń kán sí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Wọ́n bi í ní orúkọ ilé ìṣẹ́ tí àbúrò rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lọ́dún 1989, ó dárúkọ kan. Wọ́n ní ìgbà wo ni ilé ìṣẹ́ yẹn ṣí. Kò mọ̀. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fún un láàyè ìkẹyìn. Ó ní kó tún gbé Bíbélì, kó búra fún òun pé Kumasi ni àbúrò rẹ̀ wà ní oṣù keje ọdún 1990. Ó ní kó mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ bó bá jẹ́ irọ́.

Oyèdélé gbé Bíbélì. Ó la ẹnu, ojú rẹ̀ ń lọ káàkiri gbogbo wa.

Adéfọlá dìde láàárín àwọn ọlọ́pàá méjì. Yorùbá ló fi sọ̀rọ̀, kò sì gbóhùn sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e sílẹ̀. Èmi ni mo pa wọ́n. Ẹ má búra mọ́."

Adájọ́ bi Kojo pé kí ni ọkùnrin yẹn wí. Kojo ní òun ò gbọ́ èdè náà. Adájọ́ kọjú sí ọkọ mi. Oyèdélé, pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, ní àbúrò òun rí i pé ara òun ò yá, ó ní kóun jókòó. Adájọ́ ò gbà. Ó wo ìjókòó ẹ̀yìn, ó ní ta ló gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. A ju ogún lọ. Bàbá Ọlálékan ní etí òun ti di. Màmá Bertha ní ikọ́ ń ṣe òun nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó kù wo ẹsẹ̀ wọn. Èmi náà wo tèmi. Ẹ má rò pé n kò wò ó.

Nígbà náà ni Àìṣátù yíjú sẹ́yìn. Òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀rọ̀ náà nínú gbogbo ilé yẹn, òun ni kò sì gbọ́ ọ. Kò bi adájọ́, kò bi ògbufọ̀. Èmi ló bi, ní Hausa, jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí obìnrin ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà:

"Me ya ce?" Kí ló wí?

Mo dá a lóhùn. Mo ní ó ní òun lòun pa wọ́n. N kò mọ̀ pé mo ti dìde. N kò mọ bí ohùn mi ṣe ròkè tó, àfi ìgbà tí mo gbọ́ tí Kojo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi sí Gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́. Àìṣátù fi ìbòrí rẹ̀ bo ojú, ó tẹ̀ síwájú lórí orúnkún rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún márùn-ún tó ń retí ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ni.

Wọ́n pè mí síwájú, wọ́n gba Bíbélì lọ́wọ́ ọkọ mi, wọ́n sì gbé e fún mi. Mo sọ ọjọ́ tí Adéfọlá dé, Sátidé, oṣù kẹfà, ọdún 1991. Mo sọ bí a ṣe ń yá ènìyàn lọ́dún. Mo bẹ adájọ́ pé kó jọ̀ọ́, ebi kọ́ ló kó wa dé ibẹ̀, ẹ̀rù ni. N kò wo Oyèdélé. Nígbà tí mo máa padà sí ìjókòó mi, ìjókòó náà ti ṣófo lọ́tùn-ún lósì.

Wọ́n gbé Adéfọlá lọ kí ọdún yẹn tó parí. Oyèdélé gba ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ìjọba ò yẹ ìwé àwọn mẹ́rìnlá wò, wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Bertha á rí mi, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bùnmi bi mí pé ta ló gbé bọ̀dá Adéfọlá lọ, mo ní ìjọba ni. Mo parọ́ fún un. Tàbí òótọ́ ni, n kò mọ̀ mọ́.

Oṣù mẹ́ta ni ọkọ mi fi kọ̀ láti rí mi lẹ́wọ̀n. Màá gbé abọ́ lọ, wọ́n á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, màá padà. Ní oṣù kẹrin ó jáde sí mi. Ó ti rù. Mo ti to èébú kalẹ̀, mo ti to ẹ̀bẹ̀ kalẹ̀, n kò mọ èyí tí màá kọ́kọ́ gbé fún un. Mo kàn bi í pé ṣé ó ń bínú sí mi ni.

Ó ní rárá. Ó ní nígbà tóun gbé Bíbélì yẹn sókè, òun ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ń wá ẹni tó máa dá òun dúró. Òun wo Bàbá Ọlálékan. Òun wo mi.

"Ìwọ náà ń wo ilẹ̀," ló wí. "Nínú gbogbo yín, ẹni tó pa ènìyàn mọ́kànlélógójì nìkan ló gbà mí."

Mo ní kó jẹun. Ó ṣí abọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, èmi sì jókòó tì í títí wọ́n fi ní àkókò ti tó.